Dókítà ní kí n dín iyán kù. Ẹ̀yin ará Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Tíṣà_Ìyàrá:

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ọmọ ọdún 48 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe níhìn-ín ní Ìyàrá. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo sin ìyàwó mi lọ sí ọsibítù. Òun ni ibà ń ṣe o, kì í ṣe èmi. Nọ́ọ̀sì kan wojú mi, ó ní, "Sà, níwọ̀n bí ẹ ti jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ gbé apá wá." Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi: 168 lórí 104, ó ga jù. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, ó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: 164 lórí 102. Ìyàwó mi tí a tìtorí rẹ̀ wá gbàgbé pé ibà ń ṣe òun.

Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kẹta. Mo padà lọ, kò wálẹ̀. Ni dókítà bá kọ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún mi, ọ̀kan lójúmọ́. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n dín iyán kù, kí n máa rìn, kí n sì yéé ronú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì nínú ìwé, ó sì ní kí ẹni tó kàn wọlé.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n iyán kẹ̀? Oṣù Keje la wà yìí, iṣu tuntun ti fẹ́ máa toko bọ̀. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ bàbá mi tí mo ní n ò jẹyán, wọn á béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi bóyá ìjà là ń jà. Báwo sì lèèyàn ṣe ń yéé ronú? Ọmọ mi méjì wà ní yunifásítì. Ṣé kí n máa rẹ́rìn-ín sí ìwé owó ilé ẹ̀kọ́ ni?

Láti ọjọ́ náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè àti ẹ̀fọ́ tí kò níyọ̀ rárá ni mò ń jẹ. Mo ti rù. Gbogbo nǹkan ló ń bí mi nínú. Lánàá, ọmọ kíláàsì mi kan béèrè bóyá ara mi yá, mo jágbe mọ́ ọn. Ọmọ náà kò ṣe mí ní nǹkan kan.

KábàNiIléMi:

Ọ̀kun, Tíṣà. Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yìí kí wọ́n tó bí dókítà yín: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Bàbá tó bí bàbá mi jẹyán lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ó sì lé ní 90 kó tó lọ. Ẹ fún Tíṣà níyán rẹ̀ jàre 😂

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà:

@KábàNiIléMi, bàbá àgbà yín fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ó kọ ebè títí oòrùn fi kan àtàrí, ó fẹsẹ̀ rìn padà, ó wá jẹyán. Ẹ̀yin gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ gun ọ̀kadà padà, ẹ bu òkè iyán kan náà. Ohun kejì: àwọn tó lé ní 90 là ń rántí. Àwọn tó ṣubú lójú ebè lọ́mọ 50 ńkọ́? "Ayé ló ṣe é" la wí, a sì sin wọ́n. Kò sẹ́ni tó wọn ìfúnpá wọn rí.

Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, ẹ má bi mí níbi tí mo ti ń ṣe é.

Oògùn yẹn, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí pé ara yín yá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ara ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ wà ní 170 lè yá gágá títí di àárọ̀ ọjọ́ tí apá kan kò ní ṣeé gbé mọ́, tí a ó máa pè é ní rọpárọsẹ̀. Amlodipine máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Tó bá ṣe yín, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ sọ fún, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ẹ má sì febi pa ara yín. Iyán fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń gbé ìfúnpá sókè, iṣu kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀ nínú. Gíga òkè iyán ló ń mú èèyàn sanra jù, ara tó wúwo jù ló wá ń ti ìfúnpá sókè. Ṣùgbọ́n abọ́ kejì, abọ́ ọbẹ̀, ni kẹ́ ẹ lajú sí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Ṣíbí tíì kan péré nìyẹn, tí a fọwọ́ nù lórí kó tẹ́jú, fún àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, pẹ̀lú èyí tó ti wà nínú búrẹ́dì àti súyà. Obìnrin kan ń wá sọ́dọ̀ wa, ìfúnpá rẹ̀ kò wálẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó búra pé òun kì í fọwọ́ kan iyọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo yà nílé rẹ̀, mo bá a nídìí ọbẹ̀ ilá. Ó rún kúùbù mẹ́rin sí i. Nǹkan bí ìdajì kúùbù yẹn, iyọ̀ ni. Ó bu kánún lé e kí ilá lè yọ̀ dáadáa. Kánún náà, sodium tó wà nínú iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó da irú sí i, irú tí ẹni tó tà á ti fi iyọ̀ pa kó má bàa bàjẹ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ rí i, n ò fi iyọ̀ sí i." Òótọ́ ló sì sọ, kò ṣí ike iyọ̀ rárá.

Tíṣà_Ìyàrá:

Kánún! Ìyàwó mi ń kà á lẹ́yìn mi, ó ti dákẹ́ lójijì. Kò sí ọjọ́ tí kánún kì í wọnú ẹ̀wà ilé wa.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà:

Ẹ kí wọn fún mi, kì í ṣe ẹ̀bi wọn, bí ìyá gbogbo wa ṣe kọ́ wa nìyẹn. Kí wọ́n rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí wọ́n da omi náà nù. Kò ní pẹ́ lórí iná, inú kò sì ní kún wú tó ti tẹ́lẹ̀.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́_Mọ́pà:

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ẹ má wo àṣìṣe rẹ̀. (Kò sí àṣìṣe kankan o, màmá ló ń sọ̀rọ̀ yára jù.)

Tíṣà, ọmọ mi, ẹni tó bá ní kí o máa fojú sunkún jẹ ẹ̀fọ́ ti ṣì ọ́ lọ́nà. Gbọ́ bí a ṣe ń se é. Fọ irú wooro lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí iyọ̀ rẹ̀ jáde. Ó sàn jù kí o bẹ ẹni tó ń se irú pé kó má fiyọ̀ sí tìrẹ. Bó bá gbẹ lóòrùn dáadáa, á pẹ́ nílẹ̀. Gún ata rodo. Àlùbọ́sà méjì ni o, kì í ṣe ọ̀kan. Epo pupa ṣíbí ìjẹun méjì tó fún ìkòkò èèyàn mẹ́rin, má sì jẹ́ kó gbóná títí yóò fi máa rú èéfín. Àlùbọ́sà ni kó kọ́kọ́ wọ epo, kó rọ̀ títí òórùn rẹ̀ á fi pe aládùúgbò, kí irú tẹ̀ lé e, kí ata tẹ̀ lé irú. Ẹja tí wọ́n fèéfín yan ni kí o fọ́ sí i, kì í ṣe èyí tí wọ́n fiyọ̀ pa. Bu ẹ̀gúsí díẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ ni kó kẹ́yìn, kó má pẹ́ lórí iná, kó sì pọ̀ débi tí ìyàwó rẹ á fi bi ọ́ bóyá ewúrẹ́ lo fẹ́ bọ́. Ẹ̀fọ́ ni kó jẹ́ oúnjẹ, kí iyán máa sìn ín.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ahọ́n á máa wá iyọ̀ kiri. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, á gbàgbé. Ọbẹ̀ òde ni wàá wá máa sọ pé ó níyọ̀ jù.

Iyán ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ní kí bàbá àwọn ọmọ mi dín oúnjẹ kù, n ò bá wọn jiyàn rárá. Mo kàn pààrọ̀ abọ́ wọn ni. Abọ́ tó kéré, mo ṣe òkè iyán kó ga ṣóńṣó, ó kún dé etí. Wọ́n jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́rin, wọn ò mọ̀. Ẹ má sọ fún wọn lọ́run o.

KábàNiIléMi:

Màmá 😂😂 Mo ń lọ wo abọ́ mi báyìí.

ỌmọBùnú_Abújá:

Ẹ jẹ́ kí n ba orin jẹ́ díẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ aṣaralóore, àwòrán ápù, ọ́ọ̀tì àti ẹja òkè òkun ni wọ́n máa ń gbé síwájú wa. Ta ló lówó ẹ̀? Níbi iṣẹ́ mi níhìn-ín, búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò kan ni mo fi ń di inú mú di alẹ́. Kò ṣaralóore, mo mọ̀. Ó yá, ó sì ń yóni.

Oníkajú_Ìsánlú:

Ọmọ Bùnú, ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan, ṣúgà inú ọ̀pọ̀ nínú wọn tó nǹkan bí gíráàmù 50. Ka ṣúgà onígun méjìlá sínú ife, gbé e ka iwájú rẹ, kí o wá wò ó bóyá wàá lè da omi lé e mu. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi owó-orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Mi ò tí ì rí ẹni tí ìyẹn dá dúró lágbègbè wa.

Èyí tó ń dun èmi gan-an nìyí. Ẹ wá wo oko wa láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin. Àwọn tó ń ra kóró kajú á gbé ọkọ̀ ńlá dé, kóró nìkan ni wọ́n fẹ́. A ó yí kóró kúrò nídìí èso, a ó da èso sílẹ̀ lábẹ́ igi, pupa lórí yẹ́lò, títí gbogbo oko á fi máa rùn bí ibi tí wọ́n ti ń pọntí. Fítámì C tó wà nínú èso yẹn ju ti ọsàn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Eṣinṣin ni a ń fi í bọ́, a wá ń gba ìgboro lọ ra omi aláwọ̀ ọsàn inú páálí, tí ọsàn kò débẹ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá mo ní n ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ń ṣa èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, kó tó fara gbọgbẹ́. Mo fọ̀ ọ́, mo fún un sínú ike, mo da omi ìrẹsì sísè tó ti tutù sí i díẹ̀. Ohun tó ń mú un há èèyàn lọ́fun á dì, á sì rọlẹ̀ sísàlẹ̀. Mo sẹ́ ẹ, a mu ún lọ́jọ́ náà, nítorí pé tó bá di ọjọ́ kejì ó ti ń di ọtí nìyẹn. Àwọn ọmọ mi kò béèrè ẹlẹ́rìndòdò fún oṣù méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kajú pẹ̀lú mílíìkì ń pani, mo ti mu méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, èmi náà ló ń kọ èyí. Kóró tútù nìkan ni kẹ́ ẹ má fi eyín fọ́. Epo inú èèpo rẹ̀ ń bó ètè.

Òótọ́ ni, kajú kò sí lórí igi báyìí. Ṣùgbọ́n gúrófà wà lóde, ìbẹ́pẹ wà, àgbàdo tútù wà. Ẹ̀pà sísè kò bá ọ jà rí.

ỌmọBùnú_Abújá:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀yìnkùlé lẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Yàrá kan ni mo rẹ́ǹtì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ìbẹ́pẹ kan níhìn-ín, owó ẹ̀ ju ti ẹlẹ́rìndòdò lọ.

Oníkajú_Ìsánlú:

Ìyẹn náà wúwo. Mo gbà.

Aláṣọ_Kábà:

Ewúro ń hù nínú ike ọ̀dà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì o. Ọmọ mi obìnrin ń gbìn ín ní Èkó, ẹ̀ka igi kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pà àti ẹ̀kọ láàárọ̀, kó o fi omi rọ́pò ohun mímu yẹn, o ti fowó pamọ́. N ò ní ó dùn tó o.

Tíṣà_Ìyàrá:

Oúnjẹ ti ń yé mi. A jẹ ẹ̀fọ́ ìyá Mọ́pà lálẹ́ àná, mo lá àwo. "Yéé ronú" ló kù. Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń jí báyìí, mo ń ka owó tí n ò ní.

Òótọ́Korò:

Tíṣà, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. "Ronú sí rere, ayé rẹ á dára." Àwọn tó ń tàwé ló ń sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo fi inú dídùn wọ ọkọ̀ láti Kábà lọ sí Ẹ̀gbẹ́, mo kọrin títí. Kòtò ojú ọ̀nà yẹn kò dín ẹyọ kan.

Aláṣọ_Kábà:

Ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Nígbà tí ọkọ mi kú, mi ò lè jẹun fún bí oṣù mẹ́rin. Tíì àti búrẹ́dì. Ọjọ́ mìíràn, tíì nìkan. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń ní kí n mọ́kàn le, kí n gbàgbé, pé àwọn ọmọ ni kí n máa wò. Gbogbo rẹ̀ dára. Wọ́n á lọ, èmi á tún padà dùbúlẹ̀. Ìyá kan wà lójúlé kejì tí kò sọ ọ̀kan nínú wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló gbé igbá ẹ̀gúsí wá, ó ní, "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, bá mi bó díẹ̀." Irọ́ ni, ojú rẹ̀ ríran ju tèmi lọ. Mo bó o. Ọjọ́ kejì ó tún gbé e dé.

Ẹ mọ bí ẹ̀gúsí bíbó ṣe rí. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, èèpo ń já pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́, kò sí pé ẹ gbọ́dọ̀ máa wojú ara yín. Èèyàn lè dákẹ́ fún wákàtí kan, kó má jọ pé inú ń bí i. Lọ́jọ́ karùn-ún ni mo dárúkọ ọkọ mi. Lọ́sẹ̀ kejì mo rántí bó ṣe máa ń jí ẹ̀gúsí jẹ nínú igbá tó bá rò pé n ò rí òun, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ẹ̀rù ẹ̀rín náà bà mí. Nígbà tí ẹ̀gúsí tó nǹkan, ìyá yẹn ní ká se é. Àwa méjèèjì la jẹ ẹ́ tán, tòun tiyán. Oúnjẹ tí mo kọ́kọ́ mọ adùn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ mi nìyẹn.

Ẹ pè é ní ìrònú rere, ẹ pè é ní ẹ̀gúsí. Ìyá yẹn kò fìgbà kan ní kí n yéé ronú.

Òótọ́Korò:

Èyí kò jọ ti inú ìwé. Mo dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà:

Aláṣọ, ẹ ti gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Tíṣà, mo rò pé ohun tí dókítà yín fẹ́ sọ ni pé kẹ́ ẹ má dá nìkan ronú, àwọn aláìsàn ló pọ̀ níta tí kò jẹ́ kó rí àyè parí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jí laago mẹ́ta, ẹ má fọwọ́ kan fóònù. Ẹ fi ìwé àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹ kọ ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn sílẹ̀, kẹ́ ẹ bi ara yín pé èwo ló níṣẹ́ tí mo lè ṣe sí i lọ́la. Èyí tó bá ní, ẹ kọ iṣẹ́ náà síwájú rẹ̀. Èyí tí kò bá ní, ẹ fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ẹ fi bírò sílẹ̀. Bíi kẹ́ ẹ pe bọ́sà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n gba owó ní díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn níṣẹ́.

Ìrìn náà ńkọ́? Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ mú ìyàwó yín dání, ọ̀rọ̀ á máa lọ, ẹsẹ̀ á máa lọ. Àmọ́ tí ìbínú àti àìsùn yẹn bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìdín, tí nǹkan tó máa ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́, ẹ sọ fún dókítà. Àìsàn lè wà nínú ọkàn bó ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì nítọ̀ọ́jú.

KábàNiIléMi:

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lẹ́yìn gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo fi Tíṣà ṣe, mo yà ní kẹ́mísì kan lónìí. 156 lórí 98. Ọmọ ọdún 39 ni mí! Mo ti ra àgbo kan lọ́nà. Ẹni tó ń tà á ní ọjọ́ méje péré, ó parí.

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà:

N ò ní rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀. A ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, a ò mọ ìwọ̀n ẹ̀, kíndìnrín yín ló sì máa ṣe ìwádìí náà.

Báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí ọ̀kadà ni? Ṣé ẹ ń sọ̀rọ̀? Ṣé orí aṣọ ni wọ́n so ó mọ́? Gbogbo ìyẹn ń gbé e sókè. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ kọ́ra. Kí apá wà lórí tábìlì, kó ṣe déédéé àyà, kí wọ́n so ó mọ́ ara gan-an, kẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tún lọ lọ́jọ́ mìíràn. Tó bá ṣì jẹ́ 140 lórí 90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ dókítà yá.

KábàNiIléMi:

Mo ń sọ̀rọ̀. Mo ń bá ẹni tó ń wọ̀n ọ́n jiyàn bọ́ọ̀lù. Mo ń padà lọ lọ́la.

KábàNiIléMi:

148 lórí 94, ẹnu pípadé. Mo ti gba nọ́ńbà lọ́dọ̀ dókítà fún ọjọ́ Ajé. Ẹ bá mi bẹ Tíṣà.

Tíṣà_Ìyàrá: (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje)

Ọ̀kun o. Mo ní kí n má fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

136 lórí 86 láàárọ̀ yìí. Oògùn wà níbẹ̀ o, dókítà ní kí n máa lò ó lọ. Ọrùn ẹsẹ̀ mi wú díẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta, mo lọ sọ, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Iyán ti di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nínú abọ́ kan tí ìyàwó mi rà láìsọ ìdí. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ìyá Mọ́pà, mo mọ ìdí. Èmi náà ò sọ nǹkan kan.

Ọmọ tí mo jágbe mọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gba ọlidé. Ó ní, "Kò sí nǹkan, sà. Màmá mi náà ní BP."

A lọ jẹ iṣu tuntun lọ́dọ̀ bàbá mi. Wọ́n gbé iyán ka iwájú mi, mo bu ìdajì rẹ̀ fún ọmọ àbúrò mi. Bàbá wò mí lọ títí. Wọ́n ní, "O ti dàlejò?" Mo ṣàlàyé. Wọn ò fèsì, a jẹun tán, a fọwọ́. Ẹ̀rọ tí mo rà wà nínú báàgì mi. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti dìde tán, bàbá na apá sí mi, wọ́n ń wo ibòmíràn. 178 lórí 92. Ẹni ọdún 79. Mo mú wọn lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń loògùn báyìí, wọ́n sì ti pa á láṣẹ pé kúùbù kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìdáná àwọn mọ́, bí ẹni pé àwọn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Aago mẹ́ta òru ṣì ń jí mi nígbà mìíràn. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bọ́sà gbà pé kí a san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìyá Mọ́pà, irú tí kò níyọ̀ ni a ò rí rà níhìn-ín. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń se é?

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́_Mọ́pà:

Èmi fúnra mi ni, ta ni ìwọ rò pé ó ń se é? Ó wà lórí ẹní lóòrùn báyìí. Rán ẹni tó ń bọ̀ ní Mọ́pà sí mi kó tó di ọjọ́ ọjà, kó gbé ike olómorí dání. Ti bàbá rẹ náà wà níbẹ̀. (Màmá ní kí n kọ ọ́ pé òun ò gbowó ti bàbá.)